Àjẹ́ Kọ́ Ló Pa Á

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Joyce Reynolds, ọmọ ọdún 13. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń múra àríyá Halloween sílẹ̀ ní abúlé Woodleigh Common nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó là á mọ́lẹ̀ níwájú tọmọdé tàgbà pé òun ti rí ibi tí wọ́n ti pa èèyàn rí. Ó ní òun kéré nígbà náà débi pé òun kò mọ̀ pé ìpànìyàn ni, àfi lẹ́yìn ọ̀rẹyìn tí ojú òun là. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn kan wà níjokòó, wọ́n sì gbà pé nítorí kí ó lè gbayì lójú òǹkọ̀wé yẹn ló ṣe ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí eré parí tí oníkálùkù ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé. Ẹnì kan ti ki orí rẹ̀ bọ inú garawa omi tí èso ápù léfòó sí.

Inú Hallowe'en Party, ìwé tí Agatha Christie gbé jáde ní 1969 nígbà tó wà ní ẹni ọdún 79, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ètò tòní dá lé lórí: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìpànìyàn inú rẹ̀ bọ́ sí àsìkò Halloween, ní ìlú kékeré tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ ara wọn. Bí oṣù October bá ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n á kún orí àtẹ àwọn ilé ìtàwé Amẹ́ríkà, elégédé àti ológbò dúdú á sì wà lẹ́yìn ìwé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ẹ̀yà ìtàn yìí ní cozy mystery. Èèyàn gbọ́dọ̀ kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn káàkiri ojú ìwé. Ẹni tó ń tọpinpin kì í ṣe ọlọ́pàá; ó lè jẹ́ opó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń yan kéèkì tà tàbí ẹni tó ń ta ewé àti egbò. Ìlú náà kéré débi pé bí àjèjì bá wọlé láàárọ̀, ìròyìn rẹ̀ á ti kárí ṣọ́ọ̀bù gbogbo kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ìparí, àṣírí á tú, ọwọ́ á tẹ ọ̀daràn, ìlú á sì tòrò. Miss Marple, arúgbó tí kò lọ́kọ tí Christie fi sí abúlé St Mary Mead, wà lára ìyá ńlá wọn. Ọdún 1930 ni ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, The Murder at the Vicarage, jáde. Èyí tí àwọn òǹwòran tẹlifíṣọ̀n mọ̀ jù ni Jessica Fletcher, opó tó ń kọ ìwé ní Cabot Cove ní ìpínlẹ̀ Maine, tí Angela Lansbury ṣe nínú Murder, She Wrote láti 1984 títí di 1996. Abala 264 ni wọ́n ṣe.

Alẹ́ 31 October ni Halloween, ó ku ọ̀la kí ó di Àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà mọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ àṣà rẹ̀ wá láti Ireland, níbi tí àwọn èèyàn àtijọ́ ti ń ṣe ọdún Samhain ní ìparí ìkórè, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ààlà tó wà láàárín alààyè àti òkú máa ń ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí àrùn ba pọ̀tétò wọn jẹ́ láti 1845, tí ìyàn mú, ọ̀pọ̀ ará Ireland wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó àṣà náà dání. Nílé, tánípù ni wọ́n máa ń gbẹ́ ojú àti eyín sí kí wọ́n tó tan iná sínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá elégédé tó tóbi jù ú lọ tó sì rọrùn láti gbẹ́. Lónìí, àwọn ọmọdé á wọ aṣọ àjẹ́ àti aṣọ iwin, wọ́n á máa ti ojúlé dé ojúlé tọrọ súìtì.

Àríyá ti Woodleigh Common kò rí bẹ́ẹ̀, torí Christie kọ ọ́ bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ìgbà tirẹ̀ ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ ń fi eyín mú èso ápù nínú omi láìfọwọ́ kàn án. Àwọn kan ń díje lórí ìgbálẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jù. Wọ́n gbé owó sílífà lé orí òkìtì ìyẹ̀fun, oníkálùkù ń fi ọ̀bẹ gé díẹ̀ kúrò, ẹni tí owó bá já lọ́wọ́ rẹ̀ ti kúrò nínú eré. Àwọn ọmọbìnrin ń wo dígí bóyá wọ́n á rí ojú ọkọ tí wọ́n máa fẹ́. Lẹ́yìn náà ni eré tó kẹ́yìn: wọ́n pa iná ilé, wọ́n da ọtí líle sórí èso àjàrà gbígbẹ nínú àwo ńlá, wọ́n ṣáná sí i, àwọn ọmọ sì ń ki ọwọ́ bọ inú ọwọ́ iná aláwọ̀ búlúù láti já èso náà gbà. Gbogbo ojú wà lára iná. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan rí àyè.

Ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé fi fẹ́ràn alẹ́ yìí kò jìnnà. Ìlú tí wọ́n ti ń dá ìrìn ara wọn mọ̀ láti òkèèrè, tí wọ́n mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde, á wá gba gbogbo èèyàn láyè lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo láti fi ojú pamọ́, kí wọ́n rìn nínú òkùnkùn, kí wọ́n sì kanlẹ̀kùn ilé onílé. Apànìyàn kò nílò kí ó sá lọ. Ó lè kọjá níwájú ọlọ́pàá pẹ̀lú ìbòjú lójú, kí ọlọ́pàá náà sì kí i pé ó kú ọdún.

Ìdí mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1929, àlùfáà Àgùdà kan tó ń jẹ́ Ronald Knox, tí òun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, to òfin 10 sílẹ̀ fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú ilé kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Òmíràn ni pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀daràn. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ tòní jù ni pé agbára àìrí kò gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà rárá. Iwin kò gbọ́dọ̀ pa èèyàn, àlá kò sì gbọ́dọ̀ tú àṣírí. Ó yẹ fún àfiyèsí pé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn, tó ń ṣe ìsìn lórí pẹpẹ, ló kọ òfin yìí. Bí wọ́n bá ti lè di ẹ̀bi ru ohun tí ojú kò rí, kò sí ìwádìí mọ́, ẹni tó lágbára nìkan ni á máa sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Nítorí náà, Halloween dojú kọ òfin yìí ní tààrà. Òǹkọ̀wé á kó gbogbo ohun tó ń bani lẹ́rù jáde, ibojì, òwìwí, àjẹ́, ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Á jẹ́ kí àyà òǹkàwé já. Ṣùgbọ́n ó mọ̀, òǹkàwé náà sì mọ̀, pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè jẹ́ ìdáhùn. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe é. Owó ló fà á, tàbí ilẹ̀, tàbí ìwé ìhágún, tàbí ìtìjú tí ẹnì kan kò fẹ́ kó jáde sí gbangba.

Ní New England ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú Jessica Fletcher àti ọ̀pọ̀ àwọn ìlú inú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ àjẹ́ kì í ṣe eré. Ní 1692, ní Salem ní Massachusetts, wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn tó lé ní 150. Wọ́n yẹgi fún 19 nínú wọn, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Wọ́n kó òkúta lé Giles Corey, àgbẹ̀ arúgbó kan, láyà títí tó fi kú, nítorí pé ó kọ̀ láti dá kóòtù lóhùn. Àwọn mìíràn kú sẹ́wọ̀n. Ohun tó mú kí pípa wọn rọrùn ni pé kóòtù náà ń gba ẹ̀rí ohun tí ẹlòmíràn kò lè rí: bí ọmọ kan bá ní ẹ̀mí ìyá àgbà kan wá fún òun lọ́rùn lóru, ẹ̀rí nìyẹn, kódà bí gbogbo èèyàn bá mọ̀ pé orí ibùsùn rẹ̀ ni ìyá àgbà náà sùn mọ́jú. Oṣù October ọdún yẹn ni gómìnà William Phips tú kóòtù náà ká. Láti 1982 ni ìlú náà ti ń ṣe àjọ̀dún October tí wọ́n ń pè ní Haunted Happenings, àlejò ń rọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n ń ta fìlà àjẹ́ ní ìgboro. Ó ṣòro láti rìn níbẹ̀ kí èèyàn má ronú kan àwọn 19 yẹn.

Ìwé Halloween tó dára máa ń béèrè gbogbo ohun tí kóòtù Salem kọ̀ láti béèrè. Níbo lo wà ní aago mẹ́jọ? Ta ló rí ọ? Kí ló dé tí aṣọ rẹ fi tutù?

Ọ̀rọ̀ aṣọ tútù yìí gan-an ló fi Christie hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ẹni tó bá ki orí ọmọ ọdún 13 bọ garawa, tí ọmọ náà ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀, omi kò ní ṣàì ta sí i lára. Hercule Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Belgium tí wọ́n pè wá síbẹ̀, ti rò ó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù lálẹ́ ọjọ́ náà. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Miss Whittaker wá sọ nǹkan kan fún un tó dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ó rí ẹnì kan tó gbé ìkòkò òdòdó ńlá lórí àtẹ̀gùn. Ẹni náà wo apá ibi tí ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé wà, bí ẹni tí ẹ̀rù bà lójijì. Ìkòkò já bọ́, ó fọ́ yángá, omi inú rẹ̀ sì dà sí i láṣọ. Òǹkàwé á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni yìí rí lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ojú ewé á máa lọ, ìbéèrè yẹn kò ní kúrò lọ́kàn rẹ̀. Christie ti fi ìdáhùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kó máa wo ilẹ̀kùn, kó má wo omi. A kò ní dárúkọ ẹni náà níhìn-ín, nítorí àwọn tí kò tíì kà á.

Obìnrin mìíràn tún wà nínú ìwé náà tí àwọn alárìíwísí kì í sábà dúró lé lórí, Mrs Goodbody. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ló ń ṣe fún àwọn ará abúlé. Ó ń gbálẹ̀, ó ń nu àga. Òun ni wọ́n máa ń ní kó ṣe àjẹ́ níbi àríyá Halloween, torí ojú àti ohùn rẹ̀ bá a mu. Àwọn olówó abúlé kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Poirot jókòó tì í, ó tẹ́tí sí i, ó sì gbọ́ ohun tí lọ́yà àti dókítà kò lè sọ fún un, nítorí pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé gbogbo èèyàn ti mọ ẹni tó wá, ẹni tó lọ, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ní ó ti sá lọ tí ẹnikẹ́ni kò sì wá mọ́.

Ibí yìí ni agbára ìtàn cozy wà, àwọn tó ń fojú ìwé kékeré wò ó kò sì tíì wò ó dáadáa. Ẹni tí ìlú kò fetí sí ni òye ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Joyce jẹ́ ọmọdé tí wọ́n mọ̀ sí òpùrọ́. Mrs Goodbody jẹ́ agbálẹ̀. Miss Marple jẹ́ arúgbó tó ń hun súwẹ́tà, tí àwọn ọlọ́pàá ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí níwájú rẹ̀ bíi pé àga ni. Ní Salem, irú wọn ni wọ́n fa lọ sí ìdí igi.

Àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé Christie gba ọ̀nà tiwọn. Leslie Meier kọ Trick or Treat Murder ní 1996. Ìlú Tinker's Cove ní Maine ló fi í sí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń jẹ́ Lucy Stone ló sì ń tọpinpin. Ẹnì kan ń fi iná sun àwọn ilé àtijọ́ ìlú náà ní October. Iná ọ̀kan pa obìnrin tó ni ín. Iwin kankan kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni iye tí ilẹ̀ àti ilé ń mú wá, àti ọkọ Lucy tó jẹ́ kápẹ́ńtà tó ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Bí Lucy ṣe ń ronú lórí iná yìí, ọmọ kékeré wà lápá rẹ̀, kéèkì àríyá Halloween wà nínú ààrò, aṣọ eré àwọn ọmọ kò sì tíì tán ní rírán. Iṣẹ́ ilé kì í dáwọ́ dúró nítorí pé èèyàn kú, Meier sì mọ èyí ju ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó lókìkí jù ú lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Texas, Susan Wittig Albert dá ìlú Pecan Springs sílẹ̀ fún China Bayles, lọ́yà tó fi iṣẹ́ kóòtù sílẹ̀ ní Houston tó lọ ń ta ewé àti egbò. Nínú Witches' Bane, tó jáde ní 1993, Halloween ti dé tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ruby Wilcox, tó ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wo káàdì tárò. Nígbà tí wọ́n pa obìnrin kan, ìka gbogbo na Ruby àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n. Salem 1692 tún padà wá, ní ìlú tó ní fóònù àti mọ́tò. Ìwé yìí sunwọ̀n ju ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ nítorí pé ó jẹ́ kí ẹ̀sùn náà dun ẹni tí wọ́n fi kàn: ó fi hàn bí àwọn aládùúgbò ọjọ́ pípẹ́ ṣe ń yẹra fún obìnrin kan nítorí ohun tí wọ́n gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló dára bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìlú tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, òkú inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ọ̀rọ̀ àpárá ló ti dà láàárín àwọn olólùfẹ́ Cabot Cove. Àṣìṣe tó burú ju èyí lọ ni ti òǹkọ̀wé tó bá sọ ẹni tó kú di ẹni tí gbogbo ìlú kórìíra, kí òǹkàwé má bàa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbé òkú kúrò nílẹ̀, gbogbo wọn á padà sídìí kọfí àti kéèkì. Akéwì W. H. Auden, tó jẹ́wọ́ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti di bárakú fún òun, kọ ní 1948 pé ibi tí ìpànìyàn ti ṣẹlẹ̀ yẹ kó dà bí ọgbà Édẹ́nì, kí òkú tó wà níbẹ̀ lè mú ìjayà báni gidigidi. Ohun tí àwọn ìwé aláìlágbára gbàgbé ni apá kejì ọ̀rọ̀ Auden. Wọ́n ní ọgbà, wọn kò ní ìjayà.

Ọdún 1969 kan náà tí Joyce Reynolds kú nínú ìwé Christie ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde lédè Yorùbá. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí Òkédìjí dá, kì í ṣe ẹni tó ń hun súwẹ́tà. Ìgboro ni tirẹ̀, ìjà àti eré sísá ni. Ìtàn Kọ́lá Akínládé ló sún mọ́ ti abúlé Gẹ̀ẹ́sì jù. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ nínú Owó Ẹ̀jẹ̀ ti 1976, ìrònú àti ìbéèrè ló fi ń wá ọ̀daràn. Àwọn méjèèjì ń kọ̀wé fún àwùjọ tó gbà pé agbára àìrí wà, síbẹ̀ èèyàn tó fẹsẹ̀ rìn ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn ń lé kiri. Ó yẹ kí ẹnì kan kọ ìtàn cozy lédè Yorùbá lóde òní, kó fi sí ìlú kékeré tí ọjọ́ ọdún rẹ̀ ti pé, kó sì jẹ́ kí ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ jẹ́ ẹni tó tú àṣírí.

Ìwé Hallowe'en Party ti di eré lẹ́ẹ̀mejì tó gbajúmọ̀. Èyí tí David Suchet ṣe Poirot nínú rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ní 2010, tí Mark Gatiss kọ, fi í sílẹ̀ ní abúlé rẹ̀, pẹ̀lú garawa àti èso ápù. Ní 2023, Kenneth Branagh gbé e lọ sí Venice nínú A Haunting in Venice, ó sì sọ Joyce Reynolds di àgbàlagbà tó ń pe ẹ̀mí òkú sọ̀rọ̀. Fíìmù náà lẹ́wà, omi Venice lóru sì ń dẹ́rù bani lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn kò gbà gbọ́ ti kúrò nínú rẹ̀, abúlé tó pè é ní òpùrọ́ náà ti kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ìtàn yìí, ìwé Christie ni kó kọ́kọ́ mú, kó tó wo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, kó lọ sí Tinker's Cove pẹ̀lú Meier. Witches' Bane lè dúró díẹ̀, torí Thyme of Death ti 1992 ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn China Bayles, ibẹ̀ ni òǹkàwé á sì ti kọ́kọ́ pàdé òun àti Ruby.